JOHN W. DAVIS, ÀGBÀ LỌ́YÀ, ÀTI ẸJỌ́ ILÉ-ÌWÉ TÍ Ó RÒ KẸ́YÌN



Kò sí sẹ́ẹ̀tì kan nínú ẹgbẹ́ wa yìí tí kò ní lọ́yà tirẹ̀. Bí a bá sì ti jẹun tán níbi ìpàdé, ìbéèrè kan wà tí a kì í yé bi wọ́n: báwo lẹ ṣe ń gbèjà ẹni tí ẹ mọ̀ pé ẹjọ́ rẹ̀ kò dára? Èsì wọn kì í yí padà. Wọ́n á ní iṣẹ́ lọ́yà ni láti sọ tẹnu oníbàárà, adájọ́ ni yóò dájọ́. Èsì náà dára, ṣùgbọ́n kì í tẹ́ mi lọ́rùn tán. Ìdí nìyí tí mo fi mú ìtàn John William Davis wá lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ Amẹ́ríkà tí ọ̀pọ̀ lọ́yà ìgbà ayé rẹ̀ gbà pé kò sí ẹni tó mọ ẹjọ́ rò tó o. Ẹjọ́ bí 140 ló rò ní ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ wọn. Èyí tí wọ́n sì fi ń rántí rẹ̀ jù ni èyí tó gbẹ̀yìn, tí ó pàdánù. Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ni.

Ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 1873 ni wọ́n bí i ní ìlú Clarksburg, ní ìpínlẹ̀ West Virginia, ilẹ̀ olókè níbi tí wọ́n ti ń wa èédú ilẹ̀. Lọ́yà ni bàbá rẹ̀, ó sì ti ṣe aṣòfin ní Washington. Bàbá yìí wà lára àwọn tó dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ nígbà ogun abẹ́lé, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn àwọn tó ní kí wọ́n fòpin sí òwò ẹrú. Nígbà tí wọ́n sì fẹ́ fi Àtúnṣe Kẹẹ̀ẹ́dógún sínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè, èyí tó ní wọn kò gbọ́dọ̀ fi àwọ̀ du ẹnikẹ́ni ní ìbò, ó tako ó. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Ìyá John ló kọ́kọ́ kọ́ ọ ní ìwé nílé. Ó lọ sí yunifásítì Washington and Lee ní Virginia, ó gba oyè àkọ́kọ́ ní 1892, ó sì kọ́ ẹ̀kọ́ òfin tán níbẹ̀ ní 1895. Ilé-ìwé yìí pè é padà láti wá kọ́ àwọn ọmọ ní òfin, ó sì ṣe é fún ọdún kan péré. Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ má bínú o: iṣẹ́ náà kò ní wàhálà tó fún un, ìjà kóòtù ló wù ú. Àwọn ẹjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ó sì rò nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ló pàdánù.

Lọ́ọ́fíìsì bàbá rẹ̀ ní Clarksburg ló ti mọ iṣẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ èédú, gáàsì àti rélùwéè wà lára oníbàárà wọn. Ẹjọ́ tí kò jẹ mọ́ ọ̀ràn dídá ló pọ̀ jù níbẹ̀: kò sí ẹni tí ń lọ sẹ́wọ̀n, owó ni, ilẹ̀ ni, àdéhùn ni. Àwa tí a kì í ṣe lọ́yà máa ń rò pé iṣẹ́ lọ́yà olùjẹ́jọ́ ni kó fi hàn pé oníbàárà òun kò jẹ̀bi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Olùpẹjọ́ ló gbọ́dọ̀ fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Ti lọ́yà olùjẹ́jọ́ ni kó wá ibi tí òrùlé ọ̀rọ̀ náà ti ń jò: bóyá ọjọ́ ti kọjá lórí ẹjọ́ náà, bóyá kóòtù kọ́ ló tọ́ sí, bóyá ìdájọ́ àtẹ̀yìnwá kan ti parí ọ̀rọ̀ náà tipẹ́. Davis kọ́ èyí débi pé ó wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Ní ilé, nǹkan kò rọrùn fún un nígbà yẹn. Julia, ìyàwó tó fẹ́ ní 1899, kú ní 1900, kò pẹ́ rárá tó bí ọmọbìnrin kan fún un. Ọdún 1912 ló tó fẹ́ ìyàwó mìíràn.

Ní 1911 ó wọ ilé aṣòfin. Ní 1913, Ààrẹ Wilson fi í ṣe Sọ̀lísítọ̀ Jẹ́nẹ́rà, ìyẹn ẹni tí ń bá ìjọba àpapọ̀ rojọ́ ní ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ibí ni ìtàn náà ti dùn. Ìpínlẹ̀ Oklahoma ṣòfin ní 1910 pé ẹni tó bá fẹ́ dìbò gbọ́dọ̀ mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà, àfi ẹni tí bàbá tàbí bàbá-bàbá rẹ̀ bá ti lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò ní ọjọ́ kìíní ọdún 1866. Ẹ ò rí ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí? Bàbá aláwọ̀ dúdú wo ló ń dìbò lọ́dún 1866 lọ́hùn-ún? Davis gbé òfin yìí lọ síwájú àwọn adájọ́, ó fi Àtúnṣe Kẹẹ̀ẹ́dógún tí bàbá rẹ̀ kò fẹ́ rárá gún un lọ́bẹ, ó sì borí ní 1915. Ọdún tó ṣáájú, ó ti borí nínú ẹjọ́ mìíràn, ti Alabama, níbi tí àwọn olóko ti máa ń san owó ìtanràn fún aláwọ̀ dúdú tí kóòtù dá lẹ́bi, tí wọ́n á wá sọ ọ́ di ẹni tí ń ṣiṣẹ́ gbèsè láìlópin.

Ṣé ó gba ohun tó ń sọ yìí gbọ́? Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe. Ọmọ bàbá rẹ̀ ló ṣì jẹ́ nínú ọkàn.

Ó ṣe aṣojú Amẹ́ríkà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù láti 1918 di 1921, ó sì padà sí New York láti máa gba ẹjọ́ àwọn olówó, báǹkì J. P. Morgan wà lára wọn. Ní 1924 ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat jà títí wọ́n fi rẹ̀. Ìgbà 103 ni wọ́n dìbò kí wọ́n tó fa Davis kalẹ̀ láti du ipò ààrẹ. Calvin Coolidge nà án dáadáa. Ohun kan tó ṣe nínú ìpolongo ìbò yẹn tó yẹ kí a yìn ín fún ni pé ó dárúkọ ẹgbẹ́ Ku Klux Klan ní gbangba, ó sì bá wọn wí, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bẹ̀rù láti dárúkọ wọn. Ó tún gbèjà olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn kan, Macintosh, tí wọn kò fún ní ìwé ọmọ ìlú torí pé kò fẹ́ búra pé òun á jagun tí ọkàn òun bá kọ̀ ọ́. Ó pàdánù ìyẹn ní 1931, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin.

Bí ó ṣe ń rojọ́ ni mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ lọ́yà wa gbọ́. Ní 1940 ó sọ̀rọ̀ níwájú ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà New York lórí bí a ṣe ń ro ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ó ní kí lọ́yà fi ara rẹ̀ sípò adájọ́, kó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí yóò fẹ́ mọ̀. Kó kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí ẹni tó bá ti mọ ìtàn sọ dáadáa ti ro ìdajì ẹjọ́ náà. Kó máa yọ̀ bí adájọ́ bá bi í ní ìbéèrè, torí pé adájọ́ kò tíì sùn nìyẹn. Tí ó bá sì sọ̀rọ̀ tán, kó jókòó. (Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ìmọ̀ràn tó gbẹ̀yìn yìí wúlò fún, pàápàá lọ́jọ́ ìpàdé.)

Ní àwọn ọdún 1930 sí 1933, akẹ́kọ̀ọ́ òfin kan wà ní yunifásítì Howard ní Washington, tí máa ń sá ní kíláàsì láti lọ jókòó sí kóòtù nígbà tí Davis bá ń rojọ́. Ó máa ń bi ara rẹ̀ bóyá òun náà lè mọ̀ ọ́n ṣe tó báyìí láéláé, èsì tí ó sì máa ń fún ara rẹ̀ ni pé rárá. Thurgood Marshall ni orúkọ rẹ̀, aláwọ̀ dúdú ni.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ South Carolina. Ní àgbègbè Clarendon níbẹ̀, àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun ní bọ́ọ̀sì 30 tí ń gbé wọn lọ sílé-ìwé. Àwọn ọmọ dúdú, tí wọ́n tilẹ̀ pọ̀ jù wọ́n lọ, kò ní ẹyọ kan. Dọ́là 179 ni wọ́n ń ná sórí ọmọ funfun kan lọ́dún, 43 sórí ọmọ dúdú. Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni àwọn òbí kọ́kọ́ béèrè. Nígbà tí wọn kò rí i gbà, Marshall àti àwọn lọ́yà NAACP bá wọn pẹjọ́ pé kí wọ́n dẹ́kun yíya ilé-ìwé sọ́tọ̀. Harry Briggs tí orúkọ rẹ̀ ṣáájú nínú ìwé ìpẹ̀jọ́ ń ṣiṣẹ́ nílé epo. Wọ́n lé e. Wọ́n lé ìyàwó rẹ̀ náà ní òtẹ́ẹ̀lì tó ti ń ṣe ìtọ́jú yàrá.

Ìgbìmọ̀ ilé-ìwé ni olùjẹ́jọ́. Gómìnà Byrnes, ọ̀rẹ́ Davis, ló ní kó wá gbà wọ́n. Davis gbà, ó sì kọ owó iṣẹ́. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà fi ohun èlò tíì onífàdákà ta á lọ́rẹ.

Èmi rò pé ibí ni èsì àwọn lọ́yà wa kò ti ran Davis lọ́wọ́. Kì í ṣe pé South Carolina kò rí agbẹjọ́rò. Wọ́n ní lọ́yà gidi tó ti ro ẹjọ́ náà ní kóòtù ìsàlẹ̀, wọ́n sì borí níbẹ̀, adájọ́ méjì sí ọ̀kan. Kì í ṣe owó ló wá, kò gbà á. Ohun tó gbà gbọ́ ló lọ gbèjà. Ẹni ọdún 79 ni.

Àmọ́ ó gbèjà rẹ̀ dáadáa, a ò gbọ́dọ̀ purọ́ mọ́ ọn. Ní oṣù Kejìlá 1952, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní 1953, ó dìde nínú kóòtù. Ó ní àwọn aṣòfin tó gbé Àtúnṣe Kẹrìnlá jáde náà ló fọwọ́ sí ilé-ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní Washington fúnra rẹ̀. Ó ní ìdájọ́ Plessy ti wà láti 1896, ó ti lé ní 50 ọdún tí àwọn ìpínlẹ̀ ti ń gbára lé e. Ó ní South Carolina ti ń tú owó jáde báyìí láti mú àwọn ilé-ìwé dọ́gba, pé kí kóòtù fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún àwọn ará ìlú. Ọ̀mọ̀wé Kenneth Clark ti fi bèbí dúdú àti funfun dán àwọn ọmọ wò láti fi hàn pé ìyàsọ́tọ̀ ń bà wọ́n lọ́kàn jẹ́. Davis ti ka ìwé Clark fúnra rẹ̀, ó sì fà á yọ pé ní ìhà Àríwá tí ilé-ìwé ti pa pọ̀, àwọn ọmọ dúdú tó yan bèbí funfun pọ̀ ju ti Gúúsù lọ. Ojú iṣẹ́ lọ́yà olùjẹ́jọ́ nìyẹn: ó rí ibi tó ń jò. Ó tún pa àlọ́ Aesop fún wọn, ti ajá tó ju ẹran ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ nítorí òjìji. Bí ó ti parí ọ̀rọ̀, omi wà lójú rẹ̀.

Marshall kò fi ìwé púpọ̀ dá a lóhùn. Ó ní àwọn ọmọ wọ̀nyí ń ṣeré pa pọ̀ lójú títì àti lóko, ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé nìkan ni wọ́n ti ń yà wọ́n.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún 1954, Adájọ́ Àgbà Earl Warren ka ìdájọ́ náà, tí wọ́n ti so mọ́ ti Kansas àti ìpínlẹ̀ mìíràn, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Brown. Mẹ́sàn-án sí òdo. Bí ó bá jẹ́ pé lọ́yà kékeré kan ló gbèjà wọn ni, àwọn ará Gúúsù ì bá sọ pé àìmọ̀ọ́rò ló pa ẹjọ́ wọn. Wọn ò lè sọ ọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n rò jù lọ nílẹ̀ náà ló rò ó, kò sì rí adájọ́ kan ṣoṣo tó tẹ̀ lé e.

Òtútù àyà pa Davis ní Charleston, ní South Carolina yẹn náà, ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta 1955, lẹ́ni ọdún 81. Ní 1967, wọ́n fi Marshall jẹ adájọ́ ní kóòtù kan náà, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó débẹ̀.

Wọ́n ṣe fíìmù ẹjọ́ yìí ní 1991, orúkọ rẹ̀ ni Separate but Equal. Sidney Poitier ló ṣe Marshall, Burt Lancaster ṣe Davis, ìyẹn sì ni eré tí Lancaster ṣe kẹ́yìn. Apá méjì ni. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ o.