Màmá Pẹlẹ́wúrà àti Owó Orí Obìnrin

A kò lè ṣe ọdún ẹgbẹ́ wa ká má dárúkọ Màmá Alímọ́tù Pẹlẹ́wúrà, olórí ọjà Eréko l'Ékòó. Ẹja ni wọ́n ń tà. Wọn ò kàwé, àmọ́ gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin ọjà Èkó ló ń tẹ̀ lé wọn.

Ní 1940, ìjọba òyìnbó ní kí obìnrin tó bá ń rí ju £50 lọ́dún máa san owó orí. Ẹ gbọ́ o, ta ló lè ṣírò èrè ẹlẹ́ja? Owó tí a jẹ ẹlòmíì wà nínú rẹ̀, oúnjẹ ọmọ wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, obìnrin Èkó ò tíì lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò nígbà náà. (Àwa tí à ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì láràárọ̀ láìrí omi lọ́jà, ọ̀rọ̀ yìí yé wa.) Lóṣù Kejìlá, ó lé ní 200 obìnrin tó tẹ̀ka sí ìwé ẹ̀hónú, Màmá sì kó èrò lọ bá kọmíṣọ́nnà. Ìjọba sọ £50 di £200. Ìwọ̀nba ni òfin náà wá mú.

Nígbà ogun Hitler, ìjọba tún fẹ́ máa dá iye lé gàrí. Wọ́n fi owó oṣù lọ Màmá kí wọ́n lè bá wọn mú òfin náà ṣẹ. Màmá kọ̀ jálẹ̀. Ọdún 1951 ni wọ́n kú.