Adrian Stokes: Onímọ̀ Ìṣègùn tí Ibà Pọ́njú Pa ní Èkó

Ọdún 1887 ni wọ́n bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adrian Stokes, ọmọ ilẹ̀ Ireland. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Trinity College, Dublin. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, orí alùpùpù ni ó ń gbé irinṣẹ́ àyẹ̀wò rẹ̀ kiri ojú ogun. Ní 1922, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé ìwòsàn Guy's ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ní 1927, ó wá sí Èkó láti bá àjọ Rockefeller wádìí ohun tí ń fa ibà pọ́njú. Ní oṣù Kẹfà, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára Asibi, ọkùnrin kan tí ibà náà ń ṣe ní Gold Coast, Gánà òde òní, wọ́n sì gún un sára ọ̀bọ kan. Asibi yè; ọ̀bọ kú. Báyìí ni Stokes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Bauer àti Hudson, fi mọ̀ pé fáírọ́ọ̀sì ni ọ̀daràn náà. Wọ́n tún rí i pé omi ara ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ṣàìsàn náà tí ó sì yè a máa dáàbò bo ọ̀bọ.

Ibà kan náà ni ó mú Stokes. Lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn, ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ òun fún ìwádìí. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹsàn-án, ẹni ogójì ọdún.

Fáírọ́ọ̀sì ara Asibi yìí ni Max Theiler sọ di aláìlágbára, tí ó fi ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ní 1937. Apá ni wọ́n ń gún un sí, ṣùgbọ́n ààbò rẹ̀ kì í jókòó sí apá. Inú àwọn kókó abíyá ni àwọn ọmọ ogun ara ti ń kọ́ bí wọn yóò ṣe dá ọ̀tá mọ̀. Lẹ́yìn náà, olúkúlùkù a gba ibùdó tirẹ̀ lọ: àwọn kan a wọ inú mùdùnmúdùn egungun, wọn a sì máa rọ ohun ìjà sínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn mìíràn a máa ṣọ́de kiri inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara. Ìdí nìyí tí abẹ́rẹ́ apá fi lè gba ẹ̀dọ̀ là, nítorí ẹ̀dọ̀ gan-an ni ibà náà ń bà jẹ́ tí ojú fi ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ náà ti wà, ní 1987, ibà pọ́njú ṣì jà ní ìlú Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ̀fọn tí ń pamọ sínú omi àmù àti agolo ẹ̀yìnkùlé ni ó gbé e láti ilé dé ilé, láàárín àwọn tí kò gba àjẹsára. Láti 2004 ni ó ti wà lára abẹ́rẹ́ ọmọdé ní Nàìjíríà. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n ń gún un fún.