Morihei Ueshiba, àgbẹ̀ tó sọ ìjà di eré ìdárayá

Ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 1883 ni wọ́n bí Morihei Ueshiba ní ìlú Tanabe, létí òkun ilẹ̀ Jàpáànì. Olówó ni bàbá rẹ̀, onílẹ̀ ni, ó sì wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Ṣùgbọ́n ara ọmọ náà kò le, ìwé kíkà ló fẹ́ràn. Bàbá rẹ̀ ló ń tì í pé kó máa lúwẹ̀ẹ́, kó máa ja gídígbò.

Nígbà tí ogun Rọ́ṣíà ń bọ̀, wọ́n ní ó kúrú jù láti di ṣọ́jà. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ó wọ inú igbó lọ, ó ń rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi, ó so ẹrù mọ́ ẹsẹ̀ kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè nà. Ẹ gbà á gbọ́ o, ẹ ò gbà á gbọ́ o, wọ́n gbà á nígbẹ̀yìn, ó sì dé ojú ogun.

Lọ́dún 1912, ó kó ìdílé tó lé ní 50 lọ sí Shirataki, ní ìhà àríwá tí òtútù ti ń mú gan-an, láti lọ ṣán igbó dáko. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, irè oko kò dára. Ibẹ̀ ló ti pàdé ọ̀gá kan, Takeda Sokaku, tó kọ́ ọ ní ìjà ọwọ́ lásán. Lọ́dún 1917, iná jó abúlé náà run. Wọ́n tún un kọ́.

Ní ìparí ọdún 1919, wọ́n ránṣẹ́ sí i pé àìsàn bàbá rẹ̀ le. Ó yà ní Ayabe lọ́dọ̀ Deguchi Onisaburo, aṣáájú ẹ̀sìn kan, kí wọ́n bá òun gbàdúrà. Kó tó délé, bàbá ti kú. Láàárín ọdún 1920 náà, àìsàn pa ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì. Ta ni yóò rí irú èyí tí ọkàn rẹ̀ kò ní dàrú? Ó kó ìyàwó rẹ̀ lọ sí Ayabe, ó ń dáko, ó ń gbàdúrà, ó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ìjà.

Wọ́n ní lọ́dún 1925, ọ̀gá ológun ojú omi kan fi idà onígi dojú kọ ọ́. Ueshiba kò mú nǹkan kan lọ́wọ́. Ó kàn ń yẹ̀ ẹ́ títí ó fi rẹ onídà. Láti ìgbà náà ló ti gbà pé kì í ṣe tìtorí àtiborí ẹnìkejì la fi ń kọ́ ìjà.

Bí àìkídò ṣe rí nìyẹn. Ẹnì kan á kọlu ẹnìkejì, ìyẹn á yí agbára rẹ̀ dànù, á gbé e ṣubú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n á pààrọ̀ ipò. Ueshiba kò fẹ́ ìdíje. Ohun àkọ́kọ́ tí èèyàn máa ń kọ́ ni bí a ṣe ń ṣubú láìfarapa, nítorí náà tọkùnrin tobìnrin, títí kan arúgbó, ló lè ṣe é.

Ó kọ́ àwọn ológun náà o, a kò ní fi ìyẹn pamọ́. Àmọ́ lọ́dún 1942, nígbà tí ogun ń gbóná, ó fi Tokyo sílẹ̀, ó padà sídìí oko ní Iwama. Lẹ́yìn ogun, àwọn tí kò nílé mọ́ ló ń sùn nínú ilé ìdárayá rẹ̀ ní Tokyo, ọmọ rẹ̀ Kisshomaru sì ń ṣiṣẹ́ oṣù kí ilé náà má bàa wó.

Ueshiba kú ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1969, ní ẹni ọdún 85. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ìyàwó rẹ̀, Hatsu, tẹ̀ lé e. Kisshomaru ló gba ipò bàbá rẹ̀.