Ọlọ́wẹ̀ Ará Ìsẹ̀, Agbẹ́gilére Àwọn Ọba

Ní nǹkan bí ọdún 1873, kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó dé ilẹ̀ Èkìtì, a bí ọmọkùnrin kan ní ìlú Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè. Ọlọ́wẹ̀ ni orúkọ ọmọ náà. Ìlú Ẹ̀fọ̀n lókìkí púpọ̀ fún iṣẹ́ ọnà. Bí a bá ń ka àwọn ìlú tí wọ́n ti mọ igi í gbẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, a kò lè ṣe kí a má dárúkọ Ẹ̀fọ̀n. Ṣùgbọ́n Ọlọ́wẹ̀ kò dàgbà sí ibẹ̀. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti lọ sí ìlú Ìsẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì fi ṣe ilé. Ìdí nìyí tí gbogbo ayé fi ń pè é ní Ọlọ́wẹ̀ Ará Ìsẹ̀.

Ìránṣẹ́ ni Ọlọ́wẹ̀ kọ́kọ́ jẹ́ ní ààfin Arínjalẹ̀, ọba ìlú Ìsẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tí ó bá ń ṣe ìránṣẹ́ ọba kì í ṣaláìrí nǹkan. Yóò rí bí ọba ti ń jókòó lórí ìtẹ́ àti bí àwọn ayaba ti ń dúró lẹ́yìn rẹ̀. Yóò rí àwọn ìyá tí wọ́n pọn ọmọ, àwọn tí ó ru ẹrù wá láti oko, àwọn ọkùnrin tí wọ́n gun ẹṣin, àti àwọn tí ń fọn fèrè níwájú ọba. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rí irú nǹkan báwọ̀nyí lójoojúmọ́, wọn a sì gbàgbé wọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọlọ́wẹ̀ kò gbàgbé. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ igi, gbogbo wọn ni ó fi sára òpó àti ìlẹ̀kùn.

Arínjalẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gbẹ́gi fún. Kò pẹ́ tí òkìkí rẹ̀ fi kàn dé àwọn ìlú mìíràn, àwọn ọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ pè é. Bí ọba bá pè é, òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò kó irinṣẹ́ wọn, wọn yóò lọ máa gbé ní ìlú náà títí iṣẹ́ yóò fi parí. Iṣẹ́ tí ó ṣe fún Ògògà, ọba ìlú Ìkẹ́rẹ́, gbà á ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin, láti 1910 sí 1914. Ó gbẹ́ àwọn òpó fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin, ó sì gbẹ́ ìlẹ̀kùn aláwẹ́ méjì kan. Ìlẹ̀kùn yìí ni ó wá sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá.

Kí ni Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ sára ìlẹ̀kùn náà? Kì í ṣe ìtàn ayé àwọn baba ńlá. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Ìkẹ́rẹ́ gan-an ni, tí ojú àwọn ará ìlú rí: ọjọ́ tí aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Captain Ambrose, wá kí Ògògà. Ní awẹ́ kan, ọba jókòó pẹ̀lú adé lórí, ayaba sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní awẹ́ kejì, òyìnbó náà fún ara rẹ̀ mọ́ inú àga kan tí àwọn ọkùnrin méjì gbé. Àwọn tí ó ru ẹrù sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ wò ó dáadáa: ọba kò dìde. Ó jókòó pẹ̀sẹ̀, àlejò ni ó ń bọ̀ wá bá a. Ọlọ́wẹ̀ kò kọ ọ̀rọ̀ kankan síbẹ̀, ṣùgbọ́n mo rò pé ẹnikẹ́ni tí ó bá wo ìlẹ̀kùn náà yóò mọ ẹni tí ó ni ìlú.

Bí ó ti gbẹ́ ẹ tún yàtọ̀. Àwọn ère náà kò lẹ̀ mọ́ igi pẹlẹbẹ. Wọ́n yọ síta tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn yóò fi rò pé wọ́n fẹ́ rìn jáde. Ẹsẹ̀ wọn dojú kọ ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n yí orí padà, wọ́n ń wo ẹni tí ó ń wò wọ́n. Ó sì fi ọ̀dà kùn wọ́n.

Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ìlẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn ńlá kan ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí àwọn aláṣẹ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rí i, wọ́n ní àwọn fẹ́ rà á. Ògògà kọ̀. Ó ní òun kò ní tà á. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, ó sì gbà níkẹyìn pé òun yóò fi í ṣe pàṣípààrọ̀: kí wọ́n ṣe ìtẹ́ kan fún òun ní ìlú òyìnbó, kí wọ́n sì mú ìlẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Ìlẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ di ti Lọ́ńdọ̀nù, ìtẹ́ òyìnbó sì dé Ìkẹ́rẹ́. Èwo nínú àwọn méjèèjì ni ó níye lórí jù? Ẹ bi ara yín. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ààfin kò ṣófo, nítorí Ògògà tún ránṣẹ́ pe Ọlọ́wẹ̀ pé kí ó wá gbẹ́ ìlẹ̀kùn mìíràn dípò èyí tí ó lọ. Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ẹ.

Iṣẹ́ rẹ̀ kan tún wà tí ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Àwo ọlọ́mọrí ni. Obìnrin kan kúnlẹ̀, ó gbé àwo náà dání, àwọn obìnrin sì ń jó lórí ọmọrí rẹ̀. Ní abẹ́ àwo, láàárín àwọn ère tí ó gbé e ró, orí ọkùnrin onírùngbọ̀n kan wà níbẹ̀. Orí náà ń yí gbiri-gbiri, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tí a lè gbà yọ ọ́ jáde. Ara igi kan náà ni Ọlọ́wẹ̀ ti gbẹ́ ẹ, ó fi ọ̀bẹ gba àlàfo wọlé títí orí náà fi dá dúró. Ẹ ronú bí ọwọ́ rẹ̀ yóò ti rọra tó! Bí ọ̀bẹ bá yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, iṣẹ́ bàjẹ́.

Ọlọ́wẹ̀ kú ní ọdún 1938. Ní ọdún 1988, tí ó pé àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì wà láàyè. Olójú-ifun ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan lọ bá a, ìyá arúgbó náà sì ki oríkì ọkọ rẹ̀ fún un láìwo ìwé, ó ń dárúkọ àwọn ìlú tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, ní 1998, wọ́n kó àwọn iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ jọ fún àfihàn ní ìlú Washington ní Amẹ́ríkà. Àwọn tí wọn kò mọ ọ̀nà Ìsẹ̀ rárá ni wọ́n wá wò ó, tí wọ́n dúró níwájú òpó àti ìlẹ̀kùn, tí àwọn ìyá tí ó pọn ọmọ àti àwọn tí ó ru ẹrù sì yí orí padà, tí wọ́n ń wò wọ́n.