Àìná Ọnàbólú, ayàwòrán ará Ìjẹ̀bú-Òde

Ní ọdún 1882 ni a bí Àìná Ọnàbólú. Nígbà náà, àwọn òyìnbó kan gbà pé ènìyàn dúdú kò lè ya àwòrán ojú ènìyàn kí ó jọ ọ́. Láti kékeré ni Àìná ti ń wo àwòrán inú ìwé yà. Ní 1906 ó ya ìyáàfin Spencer Savage, ojú ìyá náà sì hàn kedere.

Ní 1920 ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́yìn náà ó kọ́ṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Julian ní Parí. Bonnard àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí fi àwọ̀ ṣáájú ìjọra: igi lè di aláwọ̀ aró nínú iṣẹ́ wọn. Ọnàbólú kò tẹ̀lé wọn. Ohun tí wọ́n ń fi sílẹ̀ gan-an ni òun wá gbà, èyíinì ni bí ohun tí ó jìnnà ti ń kéré lójú. Ẹni tí ó bá dúró lójú ọ̀nà ní Kamina mọ̀ ọ́n: bí ọ̀nà ti ń jìnnà ni ó ń fún.

Ó padà sí Èkó ní 1922, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé. Nítorí iṣẹ́ náà pọ̀ fún un, ó rọ ìjọba láti wá olùkọ́ mìíràn. Kenneth Murray dé ní 1927, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ ni ó fẹ́ kí àwọn ọmọ gbájú mọ́. Ọnàbólú kò yí ọ̀nà tirẹ̀ padà títí ó fi kú ní 1963.