Ìtàn Ìgbésí Ayé Thomas Cromwell, Akọ̀wé Ọba

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń múra ìdánwò, nígbà tí o ń kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù rẹ, ọjọ́ ìbí rẹ wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Bóyá ìwé ìrìbọmi ni o fi jẹ́rìí, bóyá ìwé ẹ̀rí ìbí. Àwọn baba ńlá wa kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ogun tí ó jà, tàbí ọba tí ó wà lórí oyè, ni wọ́n fi ń ṣírò ọjọ́ orí ọmọ. Má ṣe rò pé àwa nìkan ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí di nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn, ọmọ ọba àti ọmọ ọlọ́lá ni wọ́n sábà máa ń kọ ìgbà ìbí wọn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù wá sáyé, wọ́n sì kú, láìsí ìwé kankan tí ó rántí wọn. Ẹni tí ó fi àṣẹ yí èyí padà ni Thomas Cromwell, ọmọ alágbẹ̀dẹ tí ó di akọ̀wé àgbà fún ọba. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Putney, ìlú kékeré kan lẹ́bàá odò Thames nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n bí Cromwell sí. Àwọn onímọ̀ ìtàn fojú bu ìbí rẹ̀ sí nǹkan bí ọdún 1485, nítorí kò sí ìwé kan tí ó sọ ọjọ́ náà. Walter ni orúkọ bàbá rẹ̀. Ó ń rọ irin, ó ń pọn ọtí tà, ó sì ń ṣe iṣẹ́ aṣọ. Ìwé ilé-ẹjọ́ àdúgbò ni ó jẹ́ kí a mọ ọkùnrin yìí, nítorí ìgbà púpọ̀ ni orúkọ rẹ̀ wọ ibẹ̀. Ní ọdún 1514, ilé-ẹjọ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó pa ọ̀rọ̀ rẹ́ nínú ìwé ilẹ̀ olúwa rẹ̀. Wò ó, ọmọ ẹni tí ó ń pa àkọsílẹ̀ rẹ́ ni ó wá di olùtọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè.

Cromwell kò pẹ́ nílé bàbá rẹ̀. Láti kékeré ni ó ti rìn dé ilẹ̀ Ítálì, ó sì bá àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ ní ìlú Antwerp, níbi tí ọjà aṣọ ti gbilẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ èdè àjèjì àti bí a ṣe ń ṣe ìṣirò owó. Nígbà tí ó padà sílé, ó ń ta aṣọ, ó sì ń ṣe iṣẹ́ amòfin. Ó fẹ́ Elizabeth Wyckes, wọ́n sì bí Gregory, Anne àti Grace. Kádínà Wolsey, ẹni tí ó lágbára jù lẹ́yìn ọba nígbà náà, gbà á síṣẹ́. Ní ọdún 1523 ó ti wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ṣùgbọ́n ikú pa ìyàwó rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1529, ó kọ ìwé ìhágún, ó sì pín ohun ìní fún àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìwé náà wà títí di òní. Wọ́n ti fa ìlà lórí ogún àwọn ọmọbìnrin méjèèjì. Ìlà yẹn ni ó sọ ikú wọn fún wa.

Ní ọdún 1529 yìí kan náà ni Wolsey ṣubú, ṣùgbọ́n Cromwell kò bá a ṣubú. Kò pẹ́ tí ó fi di àyànfẹ́ Ọba Henry Kẹjọ. Ọba fẹ́ kọ aya rẹ̀, póòpù kò sì gbà. Cromwell fi òfin ilé ìgbìmọ̀ já ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò lábẹ́ póòpù, ó sì sọ ọba di olórí ìjọ ní ọdún 1534. Ọdún náà ni ó di akọ̀wé àgbà fún ọba àti olórí àwọn tí ń tọ́jú ìwé kóòtù ńlá ti ọba.

Ní ọdún 1535, ó rán àwọn ènìyàn káàkiri láti kọ gbogbo owó tí ń wọlé fún ìjọ sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ yìí pé pérépéré, ṣùgbọ́n fún èrè ọba ni. Ní ọdún 1536, òfin jáde pé kí wọ́n ti àwọn ilé mọ́ńkì àti ti sísítà tí owó wọn kò tó £200 lọ́dún. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1540, nǹkan bí 800 ilé ni wọ́n ti tì pa. Àwọn tálákà tí ń jẹun níbẹ̀ kò ríbi yà sí mọ́. Àwọn ìwé àfọwọ́kọ àtayébáyé fọ́n káàkiri. Àwọn ọlọ́jà ra òmíràn láti fi wé ọjà. Àwọn ará àríwá dìde ogun ní ọdún 1536, ọba sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1538 ni àṣẹ tí mo ń sọ jáde. Cromwell pàṣẹ pé kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ra ìwé ńlá kan. Ní ọjọ́ Ìsinmi gbogbo, lójú àwọn bàbá ìjọ, kí àlùfáà kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú ọ̀sẹ̀ náà sínú rẹ̀. Kí wọ́n fi ìwé náà sínú àpótí oníkọ́kọ́rọ́ méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ àlùfáà, èkejì lọ́wọ́ àwọn bàbá ìjọ. Ìjọ tí ó bá gbàgbé yóò san ìtanràn ṣílè mẹ́ta àti kọ́bọ̀ mẹ́rin. Ẹ̀rù ba àwọn ènìyàn. Wọ́n rò pé owó orí tuntun ni ó fẹ́ fi gbà lórí ọmọ àti òkú. Bí o bá rántí ohun tí àkọsílẹ̀ ọdún 1535 dá sílẹ̀, ìwọ náà kò ní bá wọn wí.

Owó orí kọ́, ìwé náà sì dúró. Fún bí 300 ọdún, títí ìjọba fi gba iṣẹ́ yìí ní ọdún 1837, inú ìwé ìjọ ni orúkọ àgbẹ̀, ìránṣẹ́ àti ọmọ ọwọ́ wà. Ìwé bẹ́ẹ̀ ni ó sọ fún wa pé ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1564 ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún William Shakespeare ní Stratford. Àṣà ìjọ yìí kan náà dé ọ̀dọ̀ wa. Kò sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí wọ́n bí Samuel Àjàyí Crowther ní Òṣogùn, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825 ni ó ṣe ìrìbọmi ní Sàró.

Ìgbẹ̀yìn Cromwell kò dára. Ó ṣètò ìgbéyàwó ọba pẹ̀lú Anne ti Cleves ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1540, ṣùgbọ́n ìyàwó náà kò wu ọba. Ní oṣù Kẹrin ó joyè Ẹ́ẹ̀lì ti Essex. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà wọ́n mú un nínú ìpàdé ìgbìmọ̀. Òun ni ó ti fi òfin dá àwọn mìíràn lẹ́bi láìgbọ́ ẹjọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe fún òun náà. Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Wọ́n bẹ́ orí rẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Keje, ọjọ́ tí ọba gbé ìyàwó tuntun.

Àwọn ènìyàn ọba kó gbogbo ìwé ilé rẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n kó yìí ni kò jẹ́ kí ó parẹ́: púpọ̀ nínú rẹ̀ wà ní ibi ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Kew, a sì ń kà á títí di òní.

Nítorí náà, bí wọ́n bá bi ọ́ bóyá ènìyàn rere ni Cromwell, má ṣe yára dáhùn. Kálámù kan náà ni ó fi ka ohun ìní àwọn mọ́ńkì kí ọba lè gbà á, òun náà ni ó sì fi pàṣẹ pé kí orúkọ ọmọ tálákà wọ ìwé. Ìwọ tí kálámù wà lọ́wọ́ rẹ lónìí, kíyè sí ohun tí ìwọ yóò fi kọ.