Adájọ́ Eré Tí Ó Di Olórí Ìjọba

Ó tọ́ kí a rántí Edmund Barton, ẹni tí a bí ní Sydney, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ní ọdún 1849. Agbẹjọ́rò ni, ṣùgbọ́n a máa ṣe adájọ́ eré kíríkẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú.

Ní oṣù kejì ọdún 1879, àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá bá àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀, New South Wales, ṣeré. George Coulthard, adájọ́ kejì tí àwọn àlejò mú wá, ní kí Murdoch, akọni àwọn onílé, jáde kúrò nínú eré. Inú bí àwọn òǹwòran, wọ́n ya wọ pápá, ẹnì kan sì fi ọ̀pá lu Lord Harris, olórí àwọn àlejò. Barton kò gbè lẹ́yìn àwọn ará ilé: ó jẹ́rìí pé ìdájọ́ Coulthard tọ́.

Lọ́dún náà gan-an ni wọ́n dìbò yàn án sí Ilé Aṣòfin. Ó ṣe alága Ilé náà láti 1883 dé 1887. Ní 1901 ó di olórí ìjọba àkọ́kọ́ fún gbogbo Ọsirélíà. Ní 1903 ó di adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga, ipò tí ó wà títí ó fi kú ní 1920.

Ṣùgbọ́n àwa kò ní yìn ín kọjá bí ó ti yẹ. Ìjọba rẹ̀ ni ó ṣe òfin 1901 tí ó ti ilẹ̀kùn Ọsirélíà mọ́ àwọn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun. Lórí pápá, kò wojú ẹnikẹ́ni. Nínú ìjọba, ó wo àwọ̀ ara. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé ti àkọ́kọ́, kí a sì kọ ti ìkejì.